Ìṣó Tí Mo Gbé Sókè: Sí Abíọ́nà, Lórí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Rẹ̀

Ugbóńlá,
Etí omi, Ìlàjẹ.
Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Abíọ́nà ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ náà kí ọ, ó ní kí n béèrè bóyá ò ń jẹun kánú, àbí búrẹ́dì lásán ni wọ́n ń jẹ lórí òkè Ìkàrẹ́ níbẹ̀ yẹn. Ara wa le. Ẹja wọ́n díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣùgbọ́n ó ti ń padà bọ̀, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o gbà sílẹ̀ lórí fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí mi dé ọwọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì gbọ́ ọ. O ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tuntun yìí ń gbé ọ gun òkè lójoojúmọ́, pé ìwọ àti nọ́ọ̀sì mẹ́ta mìíràn lẹ jọ ń wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré rẹ lọ fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní àwọn abúlé ẹ̀yìn òkè. O ní bí ọkọ̀ náà bá dé ìdajì òkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó ru igi, pé lọ́jọ́ kan ẹ̀yin mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀ tì í pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Mo rẹ́rìn-ín o, má bínú. O ní mẹkáníìkì rẹ, Múfútáù, gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀ fún ọ: kó yọ ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà nínú rẹ̀ kó gbé èyí tó tóbi sí i, tàbí kó fi ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ kó fi tọ́bò kún un, ìyẹn ẹ̀rọ tí yóò máa fi tipátipá fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú kó lè rí epo jó sí i. Ó ń retí èsì rẹ lọ́jọ́ Sátidé. O wá ní, “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá ẹ́ńjìnnì jà kí wọ́n tó bí mi, èwo ni kí n mú?”

Mi ò fẹ́ fi fóònù dá ọ lóhùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí kì í já àfi ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ tí mi ò lè fi ẹnu sọ kí ohùn mi má gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí èmi tí mi ò kọ ju orúkọ èrò ọkọ̀ lọ láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé fi jókòó ti ìwé àti bíró. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Kòtò méjì ni bàbá rẹ jìn sí, a lè fi àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, a ò lè fi èkejì rẹ́rìn-ín.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ní ẹ̀rín. O mọ ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́yìnkùlé wa, èyí tí adìyẹ ìyá rẹ máa ń yé ẹyin sí abẹ́ ìdérí rẹ̀? Ẹ́ńjìnnì yẹn ni mo kọ́kọ́ ní láyé mi. Agbára ẹṣin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ohun tí àwa ọlọ́kọ̀ ń pè ní fífítíìnì. Mo fi ń gbé èrò láti Ugbóńlá lọ sí Abereke àti Àràròmí. Kì í sáré ṣùgbọ́n kì í já mi kulẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn gbé ẹ́ńjìnnì ńlá wá sí èbúté, wọ́n á fẹ́ omi sí mi lójú kọjá, èrò wọn á máa juwọ́ sí èrò mi. Ìlara mú mi, ọmọ mi. Ẹnìkan sọ fún mi pé tí mo bá yọ tọ́ọ̀pù sìlíńdà rẹ̀, tí mo lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí tó fi fẹ́lẹ́, tí mo sì lu ojú ihò tí epo ń gbà wọlé kó fẹ̀ sí i, fífítíìnì mi á máa ṣe bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi lọ̀ ọ́. Ìyá rẹ ní ṣé ata ni mò ń lọ̀ ni.

Ó sáré lóòótọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi jẹ́ ọba lórí omi. Ní ọjọ́ kẹjọ, nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Àràròmí, ó pariwo kan báyìí, kà-kà-kà, ó nọ́ọ̀kì. Mo fọwọ́ kàn án, awọ ìka mi lẹ̀ mọ́ ọn. Pákó tí èrò ń jókòó lé ni mo yọ tí mo fi wa ọkọ̀ dé èbúté, gbogbo obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ ń fi mí kọrin títí tí a fi gúnlẹ̀. Títí di òní, ìyá àgbà kan ṣì wà níbí tó jẹ́ pé tó bá rí mi, á ní, “Kà-kà-kà, ṣé dáadáa lo jí?”

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí o fi wo tọ́bò yìí. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fi agbára mú ní í le koko. Tọ́bò kì í ṣe nǹkan burúkú o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ a máa ṣe ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò láti ilé: písítìn rẹ̀ á nípọn, òróró á rí ọ̀nà tó fẹ̀ gbà, wọ́n á sì fi ohun tó ń mú atẹ́gùn tutù síwájú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí sí iṣẹ́ ni yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ọkọ̀ rẹ, wọn ò bí i sí i. Tí Múfútáù bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ, á tú ẹ́ńjìnnì náà títí dé písítìn, á pààrọ̀ ohun tó ń wọ́n epo sí i, á wá ọ̀nà òróró tuntun, á sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí yóò to gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tó bá sọ fún ọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo lòun máa fi ṣe é, sá fún un. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Orí òkè lo ti máa nílò agbára yẹn jù, orí òkè náà sì ni ooru ti máa ń pọ̀ jù, epo tí à ń rà kì í sì í fìgbà gbogbo dára. Ẹni tó ní ọkọ̀ méjì, tó ń fi ọ̀kan ṣeré, kó fi tọ́bò sí i kó máa gbádùn ara rẹ̀. Ìwọ ò ní méjì. Àwọn ọmọ tó ń retí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn òkè náà ò ní nọ́ọ̀sì mìíràn.

O lè máa rò ó lọ́kàn rẹ pé, ó dáa, Bàbá ti sọ ọ́, ẹ́ńjìnnì ńlá ló kù. Dúró ná. Bí mo ṣe rò ó nígbà yẹn gẹ́lẹ́ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni kòtò kejì wà.

O kéré nígbà tí Bàbá Akànkọ̀ kú, o lè má rántí rẹ̀. Òun ló kan gbogbo ọkọ̀ tó dára ní agbègbè yìí. Tó bá kan ọkọ̀ tán, kì í gbé e fún ọ bẹ́ẹ̀. Á ní kí o gbé ẹ́ńjìnnì tí o fẹ́ lò wá, á gbé e kọ́ ìdí ọkọ̀, ní ẹ̀yìn pátápátá, á di iyanrìn sínú àpò, á to àpò náà sínú ọkọ̀ bí ìwọ̀n èrò tó máa gbé, á wá fi í sílẹ̀ lórí omi láti òwúrọ̀ títí omi òkun fi máa kún tó sì máa fà. Ibi tí omi bá dé ní ìdí ọkọ̀ náà, á wọn ìbú ìka méjì sókè rẹ̀, á kan ìṣó idẹ kan ṣoṣo síbẹ̀. A ń pè é ní ìṣó omi. Kò sí ìyálọ́jà kan ní Ugbóńlá tí kì í bẹ̀rẹ̀ wo ìṣó yẹn kó tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Tí omi bá ti bò ó, wọ́n á ní, “Ìṣó ti mu omi,” wọ́n á sì dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí fífítíìnì mi kú, mo rí fọ́tì kan rà, ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin ogójì, tòkunbọ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó wúwo ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Mo pe Bàbá Akànkọ̀ wá wò ó. Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo ọkọ̀, ó ní, “Fa ọkọ̀ ẹ wá sí èbúté. Màá tú ìdí ẹ̀, màá fi pákó tó nípọn kan òmíràn, màá fà á gùn sí i. Á gbà tó oṣù méjì.”

Mo ní, “Bàbá, àsìkò edé la wà yìí. Tí mo bá fi oṣù méjì jókòó, kí la máa jẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìṣó náà sókè díẹ̀.”

Ó wò mí títí. “Ọma mi,” ó ní, “omi éè gbọ́ ẹ̀bẹ̀.” Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Èmi fúnra mi ni mo fa ìṣó náà yọ, Abíọ́nà. Mo fi ọ̀dà dí ojú ihò rẹ̀, mo wọn àtẹ́lẹwọ́ kan sókè, mo kàn án síbẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń rì sílẹ̀ tó, ìṣó ń hàn gbangba lórí omi, àwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n ń wọlé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọkọ̀ náà ń fò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

O ti mọ̀ pé èbúté Abereke la bí ọ sí, orí iyanrìn. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Ìtàn tí a sọ fún ọ ni pé ìyá rẹ ń lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní Abereke, ìgbì ńlá kan wá, ó da ọkọ̀ wa rú. Ìgbì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbì tó tóbi. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà á gùn ún kọjá láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fún fọ́tì ní epo kí n lè sáré kọjá rẹ̀, ìdí ọkọ̀ rì, omi gba ẹ̀yìn wọlé, pákó ìdí ya lọ pẹ̀lú ìṣó ara rẹ̀, fọ́tì já bọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Obìnrin mẹ́jọ ló wà nínú ọkọ̀ náà, ìyá rẹ ni ìkẹsàn-án. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ pé a ti sún mọ́ èbúté, omi ò ju àyà lọ. Ẹrù wọn lọ, kò sí ẹni tó bá a lọ. Ìbẹ̀rù mú ìyá rẹ, ìrọbí dé nígbà tó ku oṣù kan. Àwọn obìnrin mẹ́jọ yẹn, tí mo ti tàn jẹ, ló tú ìró wọn tó tutù, tí wọ́n nà án yí i ká bí ògiri, tí wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ. O kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì gbé ọ. Mo dúró lẹ́yìn aṣọ náà, mò ń sunkún, mo gbọ́ ohùn rẹ.

Ẹ̀mí rẹ ni mo fi ta tẹ́tẹ́ kí o tó dé ayé. Ohun tí mi ò lè fi ẹnu sọ lórí fóònù nìyẹn. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.

Bàbá Akànkọ̀ wá wo pákó tí omi gbé sí èbúté. Ó rí ìṣó níbi tí kò kàn án sí, ó rí ọ̀dà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo retí pé á fi mí ṣẹ̀sín. Ó fa ìṣó náà yọ, ó fi sí mi lọ́wọ́, ó ní, “Ìwọ lo kàn án, máa tọ́jú ẹ.” Ní ọjọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í la pákó fún ọkọ̀ mìíràn fún mi, èyí tí ìdí rẹ̀ lè gbé fọ́tì. Ọkọ̀ yẹn ni mo fi ṣiṣẹ́ tí o fi parí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, kò sì gba omi rí. Nítorí náà má rò pé mò ń dẹ́rù bà ọ́. Ẹ́ńjìnnì ńlá kì í ṣe ọ̀tá. Ọkọ̀ tí wọn ò múra rẹ̀ sílẹ̀ fún un ni ọ̀tá.

Ó yá, gbọ́ ohun tí o máa ṣe.

Kó tó di Sátidé, ní kí Múfútáù wọn ìmí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àìsàn ló ń ṣe é, kì í ṣe pé kò lágbára. Kó wo pulọ́ọ̀gì, kó wo bóyá ọ̀nà èéfín ti dí, kó wo kọ́lọ́ọ̀ṣì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá. Ìtìjú ńlá ni kí èèyàn pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé ìdọ̀tí lásán ló fún un lọ́fun.

Tó bá jẹ́ pé ó kéré fún òkè lóòótọ́, mú ẹ́ńjìnnì ńlá. Èmi bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Béèrè bóyá àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà fi ẹ́ńjìnnì tó tóbi jù yìí lọ sí irú rẹ̀ kan rí. Tí wọ́n bá fi sí i, á jẹ́ pé wọ́n ti di iyanrìn sínú àpò, wọ́n ti kan ìṣó, ìwọ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ibi tí omi dé. Èyí tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ gé irin inú ọkọ̀ kó tó wọlé, má gbà á, bó ti wù kó dùn létí tó.

Má ra ẹ́ńjìnnì nìkan. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Gíá rẹ̀, wáyà rẹ̀, bíréènì bọ́ọ̀kìsì rẹ̀ tó ń darí ẹ́ńjìnnì, radiétọ̀ tó lè mú un tutù, kí gbogbo wọn wá láti ara ọkọ̀ kan náà. Sípíríǹgì iwájú náà, nítorí imú ọkọ̀ rẹ máa wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá ṣe tán, lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tuntun sí i. Má fi ọ̀dà bo ohunkóhun.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni bíréèkì. Kí wọ́n ṣe bíréèkì kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá. Tí Múfútáù bá ní kí o jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì wọlé, pé bíréèkì lè dúró di oṣù tó ń bọ̀, o ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú lẹ́tà yìí, o sì mọ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbéni gun òkè, bíréèkì ló ń sọ̀ni kalẹ̀. Tó bá máa gbà tó oṣù méjì, jẹ́ kó gbà á. Ẹ máa wọ ọ̀kadà lọ sí abúlé, ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Aṣọ funfun yín ti mọ eruku òkè yẹn tẹ́lẹ̀.

Bí mo ṣe ń parí lẹ́tà yìí, mo ka apá ibi ìṣó sí ìyá rẹ létí kí n tó fi ránṣẹ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò sọ fún òun náà rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ó ń yan ẹja lórí iná. Kò yíjú padà.

Ó ní, “Mo mọ̀.”

Mo ní, “O mọ kí ni?”

“Bàbá Abíọ́nà, èmi ni mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí èrò tó dé. Ọkọ̀ ṣófo, ìdí ẹ̀ ga lórí omi. Mo rí ojú ọ̀dà yẹn. Mo mọ ibi tí ìṣó wà tẹ́lẹ̀.”

Mo ní, “Kí ló wá dé tí o fi wọ̀ ọ́?”

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú nítorí èéfín. Ó ní, “Ìwọ lo wà nídìí ẹ́ńjìnnì.” Lẹ́yìn náà ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé òun máa fi edé gbígbẹ ránṣẹ́, kí o má jẹ ẹ́ tán kí o tó fún àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta náà.

Láti ìgbà tó ti sọ ọ́ ni mo ti ń rò ó, ọmọ mi. Mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí wá pé ìṣó ni àwọn èèyàn ń wò. Àwọn tó ń bá ọ wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kì í wo abẹ́ ọkọ̀, wọn ò mọ písítìn, wọn ò mọ bíréèkì. Wọ́n á kàn ṣílẹ̀kùn, wọ́n á rí i pé ìwọ lo wà níbẹ̀, wọ́n á jókòó.

Mo fi ìṣó náà sínú àpòòwé yìí, mo wé e sínú ìwé kékeré kó má baà lu lẹ́tà. Ó ti dúdú díẹ̀ ṣùgbọ́n idẹ ni, kò lè dípẹtà. Ọwọ́ mi ló ti wà látọjọ́ tí a ti bí ọ. Ìwọ ló wà nídìí ọkọ̀ báyìí. Máa tọ́jú ẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí inú rẹ̀ sì dùn sí òkè tí ò ń gùn.